Ìtọ̀ tí Kò Ṣeé Mú Mọ́ra: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìtìjú Lé Yín Kúrò ní Mọ́sáláṣí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá àìsàn tí ó sì dá ìwòsàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.).

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ẹ kíyè sí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n máa ń dúró sí ìlà ẹ̀yìn, ní ẹ̀bá ilẹ̀kùn, nígbà ìrun àṣámù. Òmíràn nínú wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìtọ̀ ni ó ń lé e. Bí ó bá ti dé, kò ṣeé mú mọ́ra. Nígbà tí ó bá yá, ìtìjú yóò dè é mọ́lé.

Àìsàn ni èyí, kì í ṣe ẹ̀gàn. Iṣan àpò ìtọ̀ ni ó ń súnkì nígbà tí àpò kò tíì kún. Dókítà ni yóò kọ́kọ́ wádìí bóyá àtọ̀gbẹ tàbí kòkòrò inú ìtọ̀ ni ó fà á. Lẹ́yìn náà ni dídín tíì, kọfí àti obì kù, fífi sùúrù kọ́ àpò ìtọ̀, àti oògùn lílò.

Bí ìwọ̀nyí kò bá ràn án, abẹ́rẹ́ kan wà tí à ń pè ní botulinum toxin. Májèlé ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ó ya májèlé sọ́tọ̀ kúrò lára oògùn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 ni àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àìsàn yìí. Dókítà yóò ti ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ìtọ̀ wọlé, yóò sì pín yúnìtì 100 sí ojú 20 lára iṣan náà. Ara a máa tuni láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Agbára rẹ̀ a sì tó nǹkan bí oṣù 6 kí a tó tún un gbà.

Ó ní ewu tirẹ̀. Kòkòrò lè wọ inú ìtọ̀. Ìtọ̀ sì lè kọ̀ láti jáde, tí a ó fi máa fi rọ́bà fà á fún ìgbà díẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí yé kí ẹ tó gbà á.

Ẹ má torí ìtọ̀ kọ omi ní sààrì, nítorí ìtọ̀ tí ó bá ki a máa ta àpò náà. Ẹ má sì torí rẹ̀ fi ìrun sílẹ̀: àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé ìrọ̀rùn tí ó wà fún ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kì í dúró. Ẹ bi àlùfáà yín léèrè bí ẹ ó ti ṣe àlùwàlá. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi àwọn òbí yín léèrè, ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì gba ààwẹ̀ wa. Àmín.