Oúnjẹ Ọ̀sán ní Ilé-Ìwé

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ká má tíì sọ ìṣirò tí tíṣà kọ sójú pátákó. Ní 2016, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lóúnjẹ ọ̀sán, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta. Náírà 70 ni wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ọmọ kan lóòjọ́. Àwọn obìnrin àdúgbò ló ń sè é pẹ̀lú ohun ọ̀gbìn àdúgbò, kí àgbẹ̀ ìtòsí náà lè rí ọjà tà. Ètò tó dáa ni, mo fara mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí kíláàsì kẹrin. Àbúrò rẹ̀ ń jẹ ẹ̀wà ní yàrá kejì, ọbẹ̀ ń ta sánsán dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì sí abọ́ níwájú òun. Ẹ̀yin ìjọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu tirẹ̀ náà fún un.