Nígbà Tí Ètò Ìkọ̀wé Bá Yarí

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà má ṣe dìde lọ. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń wá ìdí wàhálà kan, yóò mọ bí a ṣe ń wá ìdí òmíràn.

Ní ọdún 2020, mo ń kọ àwọn àlọ́ tí ìyá mi àgbà máa ń pa fún wa ní kékeré sílẹ̀, kí n lè tẹ̀ wọ́n ní ìwé. Ojú Màmá ti ń di bàìbàì nígbà náà, gbogbo ìgbà tí mo bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n máa ń bi mí pé, "Ìwé wa ńkọ́?" Atẹ̀wé ti dá ọjọ́ Ẹtì fún mi. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kọ̀ǹpútà mi ní àtúnṣe tuntun dé, mo sì ní kí ó gbà á.

Nígbà tí ó parí, mo ṣí ètò tí mo fi ń kọ̀wé. Kàkà kí n rí àlọ́ mi, lẹ́tà pupa ni mo rí, tí ó ń ké pé àṣìṣe wà. Ìwé àṣẹ kékeré kan wà tí mo kọ fúnra mi, tí ó máa ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí n kò tíì fi àmì ohùn sí. Kò dá mi lóhùn mọ́. Ẹ sì mọ̀ pé bí kò bá sí àmì, ọkọ́ àgbẹ̀ lè di ọkọ̀ lójú ẹni tí ń kàwé.

Àyà mi já. Mo ní ṣe ni n óò pa fódà ètò náà rẹ́ pátápátá, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọwọ́ mi ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kí n tó rántí pé inú fódà yẹn gan-an ni mo kó àlọ́ mẹ́tàlélógún pamọ́ sí, n kò sì ní ẹ̀dà wọn níbòmíràn. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo gbọ́wọ́ kúrò. Mo kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí flash, mo sì mí kanlẹ̀.

Orúkọ ètò tí mò ń lò ni Vim. Ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Bram Moolenaar, ni ó ṣe é, ó sì kọ́kọ́ fi í síta ní ọdún 1991. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí ó bẹ àwọn tí ń lò ó ni pé kí wọ́n ran àwọn ọmọ aláìní lọ́wọ́ ní Kibaale, ní ilẹ̀ Uganda. Ó kú ní ọdún 2023, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń bá iṣẹ́ náà lọ. Vim gbà kí olúkúlùkù kọ ìwé àṣẹ tirẹ̀ sí i, ní èdè ti Vim fúnra rẹ̀ tàbí ní èdè kọ̀ǹpútà mìíràn bíi Python. Python ni mo fi kọ tèmi.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Python kejì àti Python kẹta jọra bí ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ èdè ara wọn délẹ̀. Python kẹta jáde ní ọdún 2008. Àwọn tí ń ṣe é kìlọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì dẹ́kun ìtọ́jú Python kejì ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2020. Vim tuntun tí kọ̀ǹpútà mi gbà kò ní ti kejì nínú mọ́. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo jókòó ti ohun àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tí mo gbà jáde.

Èkíní, ẹ ka ohun tí ètò náà ń sọ. Ọ̀pọ̀ wa a máa sá fún lẹ́tà pupa bí ẹni sá fún ejò, bẹ́ẹ̀ ni ó ń júwe ilé olè fún wa. Vim a máa sọ orúkọ fáìlì tí àṣìṣe wà, ìlà tí ó ti ṣẹlẹ̀, àti nọ́ńbà àṣìṣe náà. Tèmi wà ní ìlà 12, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni E319. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àṣẹ tí a pa kò sí nínú ẹ̀dà Vim yìí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti kọjá lójú yín, ẹ tẹ :messages, yóò padà wá.

Èkejì, ẹ ya ètò sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ fi kún un. Bí a bá fi vim --clean ṣí i, kò ní ka ìwé àṣẹ wa kankan. Bí àṣìṣe bá lọ, ara Vim le. Ìwé àṣẹ yín ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ tẹ :scriptnames, yóò to gbogbo ìwé àṣẹ tí ó ti kà sílẹ̀ fún yín.

Ẹ̀kẹta, bí ìwé àṣẹ bá gùn tí ẹ kò sì mọ ìlà tí ó ń dá wàhálà, ẹ pín in sí méjì. Ẹ ní kí Vim fo ìdajì, kí ẹ sì tún un ṣí. Bí àṣìṣe bá lọ, inú ìdajì tí ẹ fò ni ó wà. Bí kò bá lọ, inú ìdajì kejì ni. Ẹ tún pín ibi tí ó wà sí méjì. Bí ìwé náà bá jẹ́ ìlà 64, ìgbà 6 péré ni ẹ ó pín in tí ẹ ó fi ká ìlà kan ṣoṣo mọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ bi ètò léèrè ohun tí ó ní. Mo tẹ :version, mo sì rí +python3 àti -python. Àmì ìròpọ̀ ní ó wà. Àmì ìyọkúrò ní kò sí. Ọ̀ràn ti yanjú dé ìdajì.

Ẹ̀karùn-ún, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dán an wò. Mo yí python sí python3 ní ìlà 12. E319 lọ, àṣìṣe mìíràn dé: ó ní ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé print kò sí nínú àkámọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí irú èyí já yín láyà. Bí àṣìṣe bá yí padà, a ti rìn síwájú nìyẹn. Mo fi àkámọ́ sí i. Nígbà tí mo pe ìwé àṣẹ náà síṣẹ́, ó tún kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, decode. Ní Python kejì, èmi ni mo ní láti sọ bí a ó ṣe túmọ̀ lẹ́tà olámì bíi ẹ́ àti ọ̀. Ní ti kẹta, Vim ti túmọ̀ wọn kí ó tó gbé wọn wá. Mo yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ó ṣiṣẹ́.

Aago kan òru ti lù. Mo yẹ àlọ́ kọ̀ọ̀kan wò, mo fi àmì sí èyí tí kò ní, mo sì gbé iṣẹ́ lọ fún atẹ̀wé ní ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí ìwé jáde, Màmá kò lè kà á, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, wọ́n ní kí n ka ti ìjàpá.

Láti ìgbà náà, n kì í gba àtúnṣe tuntun ní alẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ bá kù ọ̀la, n kì í sì í gbà á láìkọ́kọ́ da iṣẹ́ mi kọ síbòmíràn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.