Ẹni tó fẹ́ gun òkè Agou, omi ni kó kọ́kọ́ dì



Ọlidé dé, a sì ń gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ kan ń dá owó mọ́tò jọ láti lọ gun òkè Agou ní Tógò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Òkè yẹn ló ga jù ní gbogbo Tógò, mítà 986. Inú igbó àti oko kòkó lọ̀nà rẹ̀ gbà, àwọn abúlé sì wà lára òkè náà. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, èèyàn lè máa wo adágún Volta ti Gáná láti orí rẹ̀.

Ìbòòji igbó yẹn gan-an ló ń tan èèyàn. Lọ́jà Kétu níbí, bí oòrùn bá ń pa wá, a mọ̀, a ó wá omi mu. Lórí òkè, afẹ́fẹ́ tutù, òùngbẹ ò ní tètè gbẹ yín. Àmọ́ ẹni tó ń gun òkè ń làágùn bí ẹni tó ń gún iyán: omi ń lọ lára rẹ̀, iyọ̀ náà ń lọ.

Nítorí náà, ẹ má dúró de òùngbẹ. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa jẹ ẹ̀pà tàbí àkàrà sí i. Bí ìtọ̀ bá pọ́n, omi ò tó nìyẹn.

Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí pajápajá mú un lẹ́sẹ̀, kó jókòó, kó tú gèlè, kó mu omi. Lítà omi mímọ́ 1, ṣíbí tíì ṣúgà 6, ìdajì ṣíbí iyọ̀, èyí tí a ń pò fún ọmọ tó ń yàgbẹ́, ó dára fún un. Àmọ́ bó bá ń sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ẹ má ní àǹjọ̀nú òkè ló mú un o! Ooru ló ń pa á. Ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó bi nọ́ọ̀sì kó tó lọ. Aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé, kó dúró sílé. Ọmọ tí a pọ̀n ń gba ooru ara ìyá rẹ̀. Ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ fún un lọ́mú. Tí kò bá tíì pé oṣù 6, ọmú nìkan ni.

Ẹ má wọ sílípáàsì, òjò ń mú ọ̀nà yọ̀, sísọ̀kalẹ̀ ló sì ń ba orúnkún jẹ́ jù. Ọ̀nà jìn láti Kétu. Ẹ sùn ní Kpalimé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ní ìdájí, kí òjò ọ̀sán tó ká yín mọ́ òkè.