Kí A Tó Dá Ọpọlọ Lẹ́bi



Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba, bọ́ọ̀dù géèmù àtijọ́ ni mo ń tún ṣe. Ọ̀kan ni Space Invaders, tí ilé iṣẹ́ Taito gbé jáde ní Jàpáànù lọ́dún 1978. Intel 8080 ni ọpọlọ rẹ̀. Iná mẹ́ta ló ń jẹ: fóltì +5, +12 àti -5.

Nígbà tí mo tàn án, ìlà wúruwùru ló kún ojú rẹ̀. Ọmọ mi ní, "Bàbá, ọpọlọ ti kú, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́." Mo ní kó mú mítà wá ná. Fóltì 5 pé níbi tó ti ń jáde, ṣùgbọ́n 4.3 ló dé orí bọ́ọ̀dù. Ẹnu ibi tí wáyà ti wọlé ló ti dípẹtà. Mo paná, mo fi írésà ha á, mo fi sípíríìtì nù ún. Géèmù jí!

Ẹ̀yin òbí, kí a tó pe ọmọ ní olódo, ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ohun tí a ní a fún un dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.