Òróró Ewé Tíì: Bí A Ṣe Ń Ṣe É, Ìlò Rẹ̀ àti Ewu Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà

  

Ọ̀rọ̀ ewé tíì ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ń pè é ní koóko ọba. Àwọn tí ó gbọ́ Faransé ń pè é ní sitirọnẹ́ẹ̀lì. Ó wà lẹ́yìn ilé wa, à ń sè é mu láàárọ̀. Ṣùgbọ́n omi ewé tíì tí à ń mu yàtọ̀ sí òróró tí à ń fà yọ nínú ewé náà. Ẹ di ìyàtọ̀ yìí mú, torí ó lè gba ẹ̀mí ọmọ là.

1. Kí ni òróró yìí?

Bí a bá fi ọwọ́ ra ewé tíì, òórùn kan ń jáde bí ti ọsàn wẹ́wẹ́. Òróró díẹ̀ tí ó wà nínú ewé ló ń mú òórùn yẹn wá. Kò dà bí òróró ẹ̀pà o. Bí òróró ẹ̀pà bá kán sí aṣọ, kì í gbẹ. Ṣùgbọ́n òróró ewé tíì máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní sitrálì. Bí a bá pín òróró náà sí ọ̀nà 100, sitrálì máa ń tó 65 sí 85 nínú rẹ̀.

2. Bí a ṣe ń gbìn ín

A kì í wá èso rẹ̀ gbìn. Ìdí rẹ̀ là ń tú, tí à ń pín gbìn nígbà tí òjò bá dé. Lẹ́yìn oṣù 4 sí 6, a lè gé e. Ẹ má gé e mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ fi bí ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ kí ó lè tún rú. Lásìkò òjò, a lè tún gé e lẹ́yìn oṣù 2 tàbí 3.

3. Bí a ṣe ń fa òróró rẹ̀ yọ

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe sódábì, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún yín. A ó da omi sí ìsàlẹ̀ àgbá. A ó gbé ajẹ̀rẹ̀ irin lé orí omi náà, kí ewé má baà kan omi. A ó kó ewé sí orí ajẹ̀rẹ̀, a ó dé àgbá, a ó sì dáná sí i. Oru omi gbígbóná yóò gba àárín ewé kọjá, yóò sì gbé òróró dání. Oru náà yóò gba inú ọ̀pá oníhò tí ó la omi tútù kọjá. Nígbà tí ó bá tutù, yóò di omi, yóò máa kán sínú ìgò.

Sódábì àti omi máa ń pò pọ̀. Òróró yìí kì í bá omi pò. Ó fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ni yóò léfòó sí. Ibẹ̀ la ó ti rọra yọ ọ́. Iṣẹ́ náà máa ń tó wákàtí 2 tàbí 3.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Ẹ má lo àgbá tí ó ti gba oògùn òwú rí láéláé. Ẹ má jẹ́ kí omi inú àgbá gbẹ, ewé yóò jóná. Bí ọ̀pá bá dí, ẹ pa iná kíá, ẹ má dúró nítòsí, torí oru tí kò rí ọ̀nà jáde lè fọ́ àgbá. Òróró náà sì lè gbiná, ẹ gbé ìgò rẹ̀ jìnnà sí ààrò.

4. Ẹ jẹ́ ká ṣírò

Nínú kílò 100 ewé tútù, òróró tí à ń rí sábà máa ń jẹ́ gíráàmù 200 sí 400. Ẹ gbọ́? Odidi ẹrù ewé, òróró díẹ̀ péré! Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ yín tó ra àgbá, ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé: igi ìdáná, èlò, owó ọkọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ sì wá ẹni tí yóò rà á kí ẹ tó gbin oko ńlá. Ìdí tí a fi ń kọ́ ìṣirò nìyẹn.

5. Kí là ń fi í ṣe?

À ń fi í sí ọṣẹ àti ìpara kí ó máa ta sánsán. Ó tún ń lé ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í pẹ́ lára. Kò lè rọ́pò àpò ẹ̀fọn tí à ń sùn sínú rẹ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná, kì í ṣe òróró ewé tíì là ń wá, ilé ìwòsàn ni.

6. Ewu rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹnìkan da òróró tí ó ṣẹ́kù sínú ìgò limonádì, ó gbé e sábẹ́ tábìlì. Ọmọ ọdún 3 rí i, ó gbé e mu. Ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ ń yí. Ìyá àgbà kan ti gbé epo pupa, ó fẹ́ rọ ọ́ sí i lẹ́nu kí ó lè bì. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú pariwo pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́!" A gbé ọmọ náà lé orí alùpùpù, a gbé ìgò náà lọ́wọ́. Ó sun ilé ìwòsàn ọjọ́ 2. Ọlọ́run ṣe é, ó yè.

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà. Bí ọmọ bá ń bì, òróró lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń pa ènìyàn. Bákan náà ni epo fìtílà. Nítorí náà:

— A kì í mu òróró ewé tíì, bó ti wù kó kéré tó.
— Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní wàrà, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ilé ìwòsàn ni kíá, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.
— Ẹ má fi í para lásán, ó ń ta ara. Kán 2 péré sínú síbí ńlá kan òróró àgbọn ti tó. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán apá wò, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì.
— Ẹ má fi pa ọmọ ọwọ́ lára. Kí aboyún béèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí kí ó tó lò ó.
— Bí ó bá ta sójú, ẹ fi omi púpọ̀ fọ ojú náà fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.
— Ìgò dúdú tí ó ní ìdérí ni kí ẹ fi í pamọ́ sí, níbi tútù tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára: ÒRÓRÓ EWÉ TÍÌ. A KÌ Í MU ÚN.

Ẹ̀yin ará, lọ́jọ́ ọmọ yẹn, kò sẹ́ni tí ó kọ ohunkóhun sára ìgò wa. Àwa tí a kò mọ̀wé nígbà náà kò mọ bí a ó ti kọ ọ́. Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ délé lálẹ́ yìí, ẹ wo gbogbo ìgò tí ó wà nílé yín, kí ẹ kọ orúkọ sí wọn lára.

 

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí òróró fi ń léfòó lórí omi?
2. Kílò 50 ewé tútù, gíráàmù òróró mélòó ni a lè rí nínú rẹ̀?
3. Bí ọmọ bá mu òróró yìí, kí ni a ó ṣe? Kí ni a kò gbọdọ̀ ṣe?
4. Ẹ kọ ohun tí ó yẹ kí ó wà lára ìgò náà.