Ìdí Ìbọn àti Ọ̀rọ̀ Inú Òfin

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù yìí

A rí àwọn ọdẹ mẹ́ta mẹ́rin láàárín yín. Ẹ̀yin ọdẹ, ọ̀rọ̀ òní kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá wa kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà bi wá pé: "Àwọn èèyàn yìí, ṣé wọn ò ní òfin ni? Gbogbo ìgbà ni rédíò ń sọ pé ẹnì kan tún yìnbọn pa ọmọ ilé-ìwé, ó pa ẹni tó lọ ra oúnjẹ, ó pa ẹni tó ń jó." A ṣèlérí pé a ó dáhùn. Ìdáhùn wa ni pé wọ́n ní òfin, wọ́n sì ní i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú nígbà mìíràn ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú òfin náà, àti ẹni tó yẹ kó tún un kọ tí kò tún un kọ. Ohun kékeré kan ni a ó fi ṣàlàyé: ìdí ìbọn, ìyẹn igi tàbí ike tí ẹni tó ń yìnbọn máa ń fi ti èjìká.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tiwa ná. Nígbà tí a ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì kan ní kí á kọ ìwé àṣẹ lórí ẹsáǹsì kpayo, nítorí pé iná ti jó àwọn èèyàn. A kọ ọ́ ní Faransé tó dán, a lu òǹtẹ̀ sí i: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ẹsáǹsì nínú bidon létí títì mọ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, gbogbo wọn ti dà á sínú ìgò. Ọlọ́pàá dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan, obìnrin náà na ìwé tiwa gan-an sí i: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á. Ṣé bidon lẹ rí níwájú mi?" Ọlọ́pàá ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Obìnrin náà kò purọ́. Iná ni a fẹ́ dínà, bidon ni a kọ sílẹ̀. Títí di òní, a kò gbàgbé ojú tí ọ̀gá wa fi wò wá lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Lọ́jọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2017, ní ìlú Las Vegas, ní ìpínlẹ̀ Nevada, èèyàn tó ju 20,000 lọ péjọ lálẹ́ sí pápá kan láti gbọ́ orin. Ọkùnrin kan wà ní àjà 32 ní ilé ìtura tó dojú kọ pápá náà. Ó fọ́ gíláàsì fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn sí wọn láti òkè. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ọta tó yìn lé ní 1,000. Èèyàn 58 ló kú. Àwọn méjì tún kú lẹ́yìn ìgbà náà nítorí ọgbẹ́ tí wọ́n ti gbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n wá di 60. Àwọn tí ọta bà tí wọn ò kú ju 400 lọ.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ṣakabùlà yín tí ẹ gbé kọ́ ilé, ẹ ó da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, ẹ ó fi ọ̀pá kì í, ẹ ó kó ọta sí i, ẹ ó tún kì í, ẹ ó wá fi ohun tí ń ṣáná sí i nídìí. Gbogbo ìyẹn fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá tàsé, kí ẹ tó kì í lẹ́ẹ̀kejì, ẹran ti dé Ìmẹ̀kọ. (Ẹ máa rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni.) Ọkùnrin yẹn yin ọta tó lé ní 1,000 ní ìṣẹ́jú 10. Báwo ló ṣe ṣe é?

Ìbọn arọ̀jò-ọta ti wà lábẹ́ òfin líle ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1934. Ìgbà náà ni àwọn jàǹdùkú ń fi í para wọn ní ìgboro. Ní Chicago, ní ọdún 1929, wọ́n fi í pa ọkùnrin méje nínú gáráàjì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 1986, wọ́n tún fi kún òfin pé a kò gbọdọ̀ ta tuntun rẹ̀ fún ará ìlú mọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni òfin 1934 ṣe sọ ohun tí ìbọn arọ̀jò-ọta jẹ́? Ó ní ìbọn tó bá ń yin ju ọta kan lọ fúnra rẹ̀, láìsí pé ọwọ́ èèyàn tún un kì, nípa ìṣe kan ṣoṣo ti ìfà rẹ̀. Ìfà ni irin kékeré tí ìka ń fà. Kì í ṣe Ifá Ọ̀rúnmìlà o. "Ìṣe kan ṣoṣo ti ìfà": ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìjà dá lé lórí.

Ìbọn tí ará ìlú lè rà níbẹ̀ ni èyí tó jẹ́ pé bí o bá fa ìfà lẹ́ẹ̀kan, ọta kan á jáde, ìbọn á sì ki ara rẹ̀. O gbọ́dọ̀ tú ìfà náà sílẹ̀ kí o tó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Bí o bá ń ṣe é léraléra, ìka á rẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan wá ronú pé, nígbà tó jẹ́ pé ìbọn máa ń ta padà sẹ́yìn bó bá dún, kí ló dé tí a ò lo agbára yẹn? Ó ṣe ìdí ìbọn kan tí ìbọn lè máa sún síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀. Ẹni tó mú un á fi ìka dúró lójú kan, kò ní mì ín. Á máa fi ọwọ́ kejì ti ìbọn síwájú. Ìbọn á dún, á ta sẹ́yìn, ọwọ́ á tún tì í síwájú, ìfà á tún gbá ìka, á tún dún. Ọta 400 sí 800 láàárín ìṣẹ́jú kan. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ ni bump stock. Ìdí ìbọn lásán ni. Bí ẹ bá gbé òun nìkan sórí tábìlì, kò lè pa eṣinṣin. Ìbọn tó ju 10 lọ nínú èyí tí ọkùnrin yẹn kó lọ sí Las Vegas ló ní i nídìí.

Ní ọdún 2010, ọ́fíìsì ìjọba wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbọn, ATF, ti kọ̀wé pé òfin 1934 kò kan nǹkan yìí, pé ẹ̀yà ìbọn lásán ni. Ọjà ṣí nìyẹn. Ọ́fíìsì náà fúnra rẹ̀ fojú díwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ó lè tó 520,000 tí wọ́n ti tà.

Lẹ́yìn Las Vegas, ariwo sọ. Ẹgbẹ́ àwọn oníbọn tó lágbára jù níbẹ̀, NRA, tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òfin ìbọn, sọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé ó yẹ kí ìjọba túbọ̀ máa ṣọ́ nǹkan yìí. Àwọn aṣòfin kan gbé àbá òfin kalẹ̀. Kò kọjá. Ìdí rẹ̀ hàn sí àwa tí a ti bá àwọn olóṣèlú ṣiṣẹ́: ẹni tó bá dìbò sí òfin ìbọn, wọn ó fi ìbò yẹn bá a jà nígbà ìdìbò tó ń bọ̀. Wọ́n bá yí ojú padà sí ọ́fíìsì, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ tún ìwé kà. Ní oṣù kejì ọdún 2018, wọ́n tún pa èèyàn 17 ní ilé-ìwé kan ní Parkland, ní Florida. Ìdí ìbọn yẹn kọ́ ni wọ́n lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìlú ti gbóná. Ààrẹ Trump pàṣẹ, ATF sì yí ohùn padà: láti ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2019, ẹni tó bá ní i gbọ́dọ̀ bà á jẹ́ tàbí kó kó o wá. Ẹ kíyè sí i o. Lábẹ́ Obama ni wọ́n sọ pé kò léèwọ̀, lábẹ́ Trump ni wọ́n fòfin dè é. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú lásán ni, kó tún un rò.

Ọ̀gbẹ́ni Cargill, tó ń ta ìbọn ní Austin ní Texas, kó méjì tirẹ̀ fún ìjọba, ó sì pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2024, adájọ́ 6 dá a láre, 3 kò gbà. Adájọ́ Thomas ló kọ ìdájọ́ náà; ó tiẹ̀ fi àwòrán inú ìbọn sí i láti fi hàn bí ìfà ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ó ní fún ọta kọ̀ọ̀kan, ìfà ń ṣe ìṣe tirẹ̀, nítorí náà kì í ṣe "ìṣe kan ṣoṣo". Adájọ́ Sotomayor ní ẹyẹ tó bá ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ, tó ń wẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ, tó ń ké bíi pẹ́pẹ́yẹ, pẹ́pẹ́yẹ ni òun á pè é. Adájọ́ Alito wà pẹ̀lú àwọn 6, ṣùgbọ́n ó kọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé àwọn tó ṣe òfin 1934 ì bá má fi ìyàtọ̀ sáàárín méjèèjì, pé ọ̀nà tó wà ni kí àwọn aṣòfin yí òfin padà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní ilé aṣòfin àgbà níbi tí wọ́n ti fẹ́ kí gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀, ó sì parí síbẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan, bíi Florida àti Nevada tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ní òfin tiwọn tó kà á léèwọ̀. Fún gbogbo Amẹ́ríkà, kò sí.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á fẹ́ kí á bú àwọn adájọ́ náà. A ò ní bú wọn. Àwa tí obìnrin ẹlẹ́sáǹsì ti fi ìwé wa lé ọlọ́pàá padà, a mọ̀ pé ẹni tó ra nǹkan ní 2011 pẹ̀lú àṣẹ ìjọba kò yẹ kó jí ní 2019 kó di ọ̀daràn nígbà tí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò yí padà nínú òfin. Bí ọ́fíìsì bá lè sọ pé dúdú di funfun lónìí, ọ́fíìsì kan náà lè sọ ọ́ di dúdú lọ́la. Ṣùgbọ́n èèyàn 60 ló wà nínú sàréè, àwọn tí wọ́n dìbò yàn láti tún ọ̀rọ̀ náà kọ kò sì tún un kọ. Àwọn aṣòfin yẹn ni a bá wí.

Wọ́n á ní ó ṣòro. New Zealand ńkọ́? Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2019, ẹnì kan wọ mọ́ṣáláṣí méjì ní ìlú Christchurch, ó pa èèyàn 51. Kò tó oṣù kan, lọ́jọ́ 10 oṣù kẹrin, ilé aṣòfin wọn ti dìbò, 119 sí 1. Òfin wọn kò dúró sórí ìbọn nìkan. Ó dárúkọ àwọn ẹ̀yà àti àpò ọta tó lè sọ ìbọn kékeré di ìbọn ogun. Ìjọba ra gbogbo rẹ̀ padà. Ìbọn tí wọ́n gbà ju 50,000 lọ, ẹ̀yà ìbọn tí wọ́n gbà sì ju 180,000. Lóòótọ́, ìlú kékeré ni, kò sì sí ẹ̀tọ́ ìbọn nínú òfin ìpìlẹ̀ wọn bíi ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Àwa ńkọ́? Ẹ má rò pé a kàn ń sọ̀rọ̀ ẹlẹ́sìn òkèèrè. CEDEAO ní àdéhùn lórí ìbọn kékeré, wọ́n fọwọ́ sí i ní Abuja lọ́jọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006, orílẹ̀-èdè wa sì wà níbẹ̀. Àdéhùn tó dára ni. Ó ní kí á fún ará ìlú tó fẹ́ ní ìbọn ní ìwé àṣẹ, kí ẹni náà dúró fún ọjọ́ 21 ó kéré tán kó tó gbà á. Ó tún dárúkọ ẹ̀yà ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe pè é: ẹ̀yà tó jẹ́ dandan kí ìbọn tó lè ṣiṣẹ́. Dandan! Ṣé ìdí ìbọn tó ń sún yẹn jẹ́ dandan? Ìbọn á ṣiṣẹ́ láìsí i. Ṣé àpò tó ń gba ọta 100 jẹ́ dandan, nígbà tí ti 10 wà? Bí ẹnì kan bá kó àpótí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá bodè lọ́la, tí lọ́yà rẹ̀ sì gbọ́ Faransé dáadáa, kí ni adájọ́ á ṣe? Bidon àti ìgò ló tún dé yìí.

Bàbá ọdẹ kan sọ fún wa kí á tó wọlé pé ẹ̀rù ń ba òun: bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òfin ìbọn, ṣakabùlà àwọn ni ìjọba á kọ́kọ́ wá gbà. Ẹ̀rù yẹn kò yàtọ̀ sí ti àwọn oníbọn Texas, a ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí a fi fẹ́ kí wọ́n kọ iye ọta tí ìbọn lè yìn láàárín ìṣẹ́jú kan sínú òfin, pẹ̀lú ohunkóhun tó bá ń fi kún un. Bí wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ṣakabùlà tí òfin náà á bá wí.

Ilé aṣòfin wa kò jìnnà, Àjàṣẹ́ ló wà. Ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ fún ni kí á kọ lẹ́tà kan sí àwọn aṣòfin tó wá láti agbègbè wa, ojú ìwé kan péré, lórí ọ̀rọ̀ "dandan" yẹn. A ti kọ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Faransé àti ní Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ kà á kó tó fọwọ́ sí i, kó wá bá wa nídìí tábìlì lẹ́yìn ìpàdé. Bàbá ọdẹ náà ti ní òun ni òun á kọ́kọ́ kà á, kí òun wá ibi tí a ti fi ìgò sílẹ̀.