Orí Olókun: Níbo ni Ògidì Wà?

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn ohun àtijọ́ wa. Ìtàn ìwádìí kan ni n óò fi ṣe é, irú èyí tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ máa ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọlọ́pàá kan nínú rẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, ó ń ra ohun àtijọ́ kiri. Ní igbó Olókun ó rí orí idẹ kan tí ó dé adé. Ẹwà orí náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ pé ọgbọ́n àwọn ará Gíríìkì ayé àtijọ́ ni ó dé Ifẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Pọ́n-ùn 6 àti ìgò wisikí kan ni ó fi rà á. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́. Charles Partridge, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1911, ó sì mú kí ó dá orí náà padà. Àwọn ère amọ̀ kan bá a dé Berlin ní tiwọn.

Ní ọdún 1948 a gbé orí yìí lọ sí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni Leon Underwood, agbẹ́gilére tí ó mọ iṣẹ́ idẹ dáadáa, àti William Fagg, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn asúde Ifẹ̀ a máa fi ìda oyin ya orí lé amọ̀, wọn a tún fi amọ̀ bò ó, wọn a yáná sí i kí ìda náà yọ́ jáde, kí wọn tó da idẹ sí àyè rẹ̀. Àwọn méjèèjì kọ ọ́ ní ọdún 1949 pé inú iyanrìn ni a ti da èyí, pé àwòkọ lásán ni.

Níbo wá ni ògidì wà? Àwọn kan fura sí Frobenius pé ó ti pààrọ̀ rẹ̀. Tí a bá ní ìwọ̀n rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ nílẹ̀ kí àlejò náà tó dé, ọjọ́ kan péré ni ọ̀ràn náà ìbá gbà.

Ọdún 64 ni ó gbà. Àwọn onímọ̀ British Museum tún un yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ òde òní, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní ọdún 2013: ìda oyin ni a fi ṣe é, idẹ rẹ̀ àti amọ̀ inú rẹ̀ sì bá ti àwọn orí Ifẹ̀ yòókù mu. Orí tí a ń pè ní ayédèrú ni ògidì náà gan-an, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbà pé ó rí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́ kò ṣíwọ́ wíwá. Òfin ọdún 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n báwo ni a óò ṣe fi hàn pé tiwa ni? Mo bẹ Ẹgbẹ́ kí a ra ìwé ńlá kan, kí a sì yan ọ̀dọ́ méjì tí yóò bá àwọn àwòrò àti àwọn baálé lọ, tí àwọn àgbà bá yọ̀ǹda, láti wọn ohun kọ̀ọ̀kan, kí wọn ya àwòrán rẹ̀, kí wọn sì kọ orúkọ ilé tí ó ni ín. Kí ẹ̀dà kan wà láàfin, kí èkejì wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa.